Ìyá Ta Ni Àlọ́ Ọ̀sán Máa Pa?

Ẹnu Fada ni à ń pè é ní Akparé, ìlú wa ní Tógò. Gbohùngbohùn onírin ni, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí òdòdó elégédé, wọ́n sì fi wáyà dè é mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Fada fúnra rẹ̀ kì í gbé ọ̀dọ̀ wa. Atakpamé ló ń gbé, ọjọ́rú-ọjọ́rú ló ń wá, ọ̀sán ló máa ń dé, kí oòrùn tó wọ̀ ó ti lọ, nítorí iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ti fọ́jú. Bátìrì inú ọkọ̀ yẹn náà ló ń fún gbohùngbohùn lágbára. Bí ọkọ̀ bá ti lọ, ẹnu ti pa dé nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló fa gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn: kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ látẹnu Fada lálẹ́. Ọ̀sán nìkan ni.

Ohun tí Fada ń fẹ́ kò burú. Lọ́jọ́rú, kò sí ilé-ìwé lọ́sàn-án, ó sì fẹ́ káwọn ọmọ kéékèèké wá jókòó sábẹ́ máńgòrò, kí wọ́n gbọ́ ìtàn, kí ojú wọn lè là. Àwọn òbí ní ojú wọn ti là tó láti rí ọ̀bọ nínú oko àgbàdo, iṣẹ́ tí àwọn sì fẹ́ kí ojú náà ṣe nìyẹn. Kò sẹ́ni tó yọ̀ǹda ọmọ. Fada ronú sí i, ó ní bí ọmọ kò bá lè wá bá ìtàn, ìtàn á lọ bá ọmọ níbi tó wà, ì báà jẹ́ lóko, ì báà jẹ́ létí odò. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn lẹ́nu débi pé ó fi wàásù.

Lẹ́yìn máàsì ó béèrè pé ta ló lè máa kàwé fáwọn ọmọ láìgba owó kankan. Gbogbo ọkùnrin tó mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara wọn. Èmi nawọ́ sókè. Mi ò tíì lọ́kọ nígbà náà, àárín àwọn ọdún 1970 ni. Mo ti lọ ṣe brẹ̀vẹ̀, ìdánwò ìjáde ilé-ìwé, l'Atakpamé, ó gbé mi ṣubú. Mo dìde, mo padà lọ, ó tún gbé mi ṣubú. Mo fẹ́ kí ìlú fi etí ara wọn gbọ́ pé Faransé tí mo lọ kọ́ kò dà nù sójú ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ìfẹ́ ọmọdé ló gbé mi débẹ̀. Fada dúpẹ́, ó ní èrè mi wà lọ́run. Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ó béèrè bóyá wọ́n ń ta iyọ̀ níbẹ̀.

Ìwé Faransé ni Fada kó wá fún mi, àwòrán inú wọn dára, ọ̀rọ̀ inú wọn ló ṣòro. Mo máa ka Faransé náà, màá sì túmọ̀ rẹ̀ sí Ifẹ̀, èdè wa, bí mo ṣe ń lọ. Ìtàn àkọ́kọ́ dá lórí ọmọdébìnrin kan tó sọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nù nínú yìnyín. Ẹ bá mi wo ìyà. Nínú oòrùn tí ewúrẹ́ pàápàá ń wá ẹ̀yìn ògiri, mo ní láti ṣàlàyé yìnyín tó bo ilẹ̀ bí ẹ̀kọ funfun, kí n tó wá ṣàlàyé aṣọ tí èèyàn ń wọ̀ sọ́wọ́. Mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mi ò rí ọmọ kankan níwájú mi. Mikíró tí mò ń sọ̀rọ̀ sí ni mò ń wò, àti katikísì wa, tó ń darí ìsìn bí Fada kò bá sí, tó ń so bátìrì tó sì ń ṣọ́ ọ, àti Fada tó ti sùn lọ lórí àga tó ń hanrun. Ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ fún àwọn tí kò rí rí ló mọ̀ ọ́n. Ńṣe ló dà bíi kéèyàn máa da àgbàdo sínú igbó, kó máa gbà pé adìẹ wà níbẹ̀.

Nígbà tí mò ń lọ sílé, ọmọbìnrin kékeré kan tó pọn àbúrò rẹ̀ dá mi dúró lójú ọ̀nà, ó béèrè pé ṣé kúrúnà yẹn ti san. Mo ní kúrúnà wo. Ó ní ti ọwọ́ ọmọ inú ìtàn. Àwọn ọmọ oko ti jókòó sórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ti fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó máa fi aṣọ bo ọwọ́ láìjẹ́ pé kúrúnà wà níbẹ̀, òun ni wọ́n sì ṣe lé e síta sínú òtútù. Inú mi dùn débi pé n kò tún un ṣe fún un. Mo ní ó ti san, wọ́n fi epo pa á. Adìẹ wà nínú igbó.

Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí ìwé Fada fi tán. Ó ṣèlérí òmíràn, ìlérí náà sì wà ní Atakpamé níbi tí ó ti ń sinmi. Èmi náà kò ní joyè ọ̀gá òǹkàwé kí n wá máa sọ pé ìwé tán. Mo rántí pé àlọ́ wà nílé wa. Ìyá mi ni ọ̀gá àlọ́ ní Akparé; bí a bá jẹun alẹ́ tán, agbolé mẹ́ta ló máa ń tú wá sọ́dọ̀ wa láti gbọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀ sórí. Lọ́jọ́rú tó tẹ̀lé e, mo fẹnu sí mikíró, mo ní, "Ààlọ́ o!"

Ẹni tó ń pàlọ́ kì í dá a pa, ẹ kúkú mọ̀. Àwọn tó ń gbọ́ ní láti dáhùn. Mi ò retí ìdáhùn kankan. Ṣùgbọ́n "Ààlọ̀" náà dé. Ó wá láti agbolé, láti oko, láti odò tí wọ́n ti ń fọṣọ. Ohùn ọmọdé wà níbẹ̀, ohùn àgbà wà níbẹ̀. Adẹ́mu kan wà lókè ọ̀pẹ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tó dáhùn kó tó rántí ibi tó wà. Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn èyí gbogbo ìlú dákẹ́ wìì, bí ìgbà tí ènìyàn bá da omi sí iná. Wọ́n ti rántí pé ọ̀sán ni.

Kí n tó dé ibi tí Ahun ti jáde nílé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti dé sí mi lórí. Ìyá Àgbà la máa ń pè é. Obìnrin gíga ni, áṣáà kì í tán nímú rẹ̀, òun ló sì ń bọ ohun tí àwọn òbí wọn ń bọ, nítorí ìyá mi ti ṣe ìrìbọmi torí ti bàbá mi, kò sì sẹ́lòmíì tó kù. Gèlè rẹ̀ ti tú. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fa wáyà yọ lára bátìrì bí ẹni fa èpò.

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ pa àbúrò mi ni?"

Ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á kú. Kò sí ọmọ Ifẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Mo kàn rò pé òfin náà kò kan bátìrì ni.

Wọ́n pe ìpàdé sábẹ́ máńgòrò kí Fada tó lọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ìyá ta ni àlọ́ yìí máa pa. Bàbá kan ní irin ló sọ ọ́, ìyá irin sì wà nílùú òyìnbó, kí a máa wò ó. Ẹlòmíì ní rárá, ẹni tó so wáyà ló pa á. Ibẹ̀ ni katikísì wa, tó máa ń wàásù ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi pé ẹ̀rù irú nǹkan báwọ̀nyí ti ọ̀dọ̀ Èṣù wá, ti jí. Ìyá rẹ̀ ń bẹ láàyè ní Elavagnon. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù o, ṣùgbọ́n láti òní lọ kí n máa fọwọ́ ara mi so wáyà mi. Ìtàn yovó, ìtàn òyìnbó, ńkọ́? Mo bi Ìyá Àgbà ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀ nígbà tí mò ń ka ti ọmọ oníbọ̀wọ́. Ó ní ìyá àwọn tó ni ìtàn yẹn jìnnà. Bí wọ́n tilẹ̀ kú, ta ló máa gbọ́?

Wọ́n jí Fada. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àìmọ̀kan ni. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ìyá tirẹ̀ ńkọ́. Ó ní ó wà, ó ti darúgbó. Wọ́n ní ó dáa, kí Fada fi ẹnu ara rẹ̀ pa ẹyọ kan fún wa nísinsìnyí. Fada wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, iná ọkọ̀ òun kò sì dáa.

Àwọn ìyá ọmọ ní ìbéèrè tiwọn. Ọmọ wọn ti dáhùn "Ààlọ̀". Bí wọ́n bá sì gbe orin inú àlọ́, ṣé wọn kò ní pín nínú rẹ̀ ni? Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, Ìyá Àgbà ti dáhùn kíákíá pé ẹni tó gbe orin kò jẹ̀bi, ẹni tó ní kí wọ́n pàlọ́ ló jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ náà le lẹ́nu rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, torí kò sẹ́ni tó béèrè apá kejì yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọmọ mí kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ sì kọjá.

Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí nìyí, kò sì sí ilé-ẹjọ́ l'Atakpamé tó lè dá a jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti kú lè pàlọ́ lọ́sàn-án, torí kò sí ẹni tí àlọ́ máa rí pa. Inú katikísì dùn jù. Ó sọ ara rẹ̀ di oníbodè. Ẹni tó bá wá sídìí mikíró, ó máa bi í bí ẹni ń bi ọmọ ìrìbọmi: ìyá rẹ ńkọ́? Ó ti kú. Ṣé ó dá ọ lójú? Mo wà níbi ìsìnkú. Kọjá.

Bí àwọn arúgbó Akparé ṣe gba iṣẹ́ mi nìyẹn. Àwọn tí kò tíì sọ̀rọ̀ tó dé ilé kejì rí, gbogbo ìlú wá ń gbọ́ wọn. Ọ̀kan pa àlọ́ nípa ààlà oko rẹ̀, ó sì dárúkọ gbogbo ẹranko tó jẹ̀bi, a sì mọ gbogbo wọn ní ìdílé-ìdílé. Ọ̀kan lo ọ̀sán kan láti fi kí àna rẹ̀ ní Akparé òkè, ó sì bú u nígbà tí kò dá a lóhùn. Ẹ̀kẹta húkọ́ títí bátìrì fi rọ̀. Àwọn ọmọ kò dáhùn mọ́. Ọmọbìnrin tó pọn àbúrò yẹn pàdé mi lódò, ó béèrè pé ìgbà wo ni ọmọ oníkúrúnà máa padà wá. Inú bí mi. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n gba ìkòkò ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n wá ń jó o níṣojú rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ló ní ìyá mi ló yẹ. Òun ló ni àlọ́, kò sì ní ìyá. Láti kékeré ló ti jẹ́ ọmọ òrukàn. Katikísì fúnra rẹ̀ wá sílé wa láti bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi, tí kì í kọ àlọ́ fún ẹnikẹ́ni, tó ń pàlọ́ fún alágbàfọ̀ àti fún àlejò tó kàn yà mu omi, wo katikísì lójú, ó ní òun kò ní ohun tí òun fẹ́ sọ nínú irin. Ó wọlé lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, èmi sì jẹ́ ẹni tí kì í fi ohun tó ju èje sílẹ̀.

Mo dúró di ọjọ́ tí àwa méjèèjì nìkan wà lóko. Ebè iṣu ni a ń roko rẹ̀, oòrùn ń jó wa lẹ́yìn ọrùn. Mo bi í. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí mo tún un bi, ó fi ọkọ́ gúnlẹ̀, ó jókòó sórí ebè, nǹkan tó máa ń lù mí fún.

Ó ní, "Oko yìí náà ni. Ọmọ kékeré ni mí. Oòrùn mú mi, mò ń sunkún. Mo ní kí ìyá mi pàlọ́ fún mi, kí oòrùn lè gbàgbé mi. Ó ní ọ̀sán ni, ọmọ mi. Mo sunkún sí i. Ó bá pa á fún mi. Kí iṣu tuntun tó jáde, ó kú."

Mo fi ọkọ́ sílẹ̀, mo jókòó sórí ebè kejì.

Ó ní, "Níbi tí wọ́n ti ń sin ín ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi pé èmi ni mo béèrè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́. Kò tún un sọ mọ́ títí di òní."

Bàbá mi kú láìgbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ọ̀rẹ́ tó gbọ́ ọ. Mo bi ìyá mi pé kí ló pa ìyá rẹ̀ gan-an. Ó ní oyún wà nínú rẹ̀, ọmọ náà kò lè jáde. Mo ní ẹ wá rí i báyìí, ọmọ ló pa á, kì í ṣe àlọ́. Mo fẹ́ máa yọ̀ bí ẹni tó yege brẹ̀vẹ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀. Orí mi ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí mo bí ẹ. Inú mi ni kò mọ̀."

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó ń fẹ́. Ó fẹ́ kí n pa àlọ́ yẹn gan-an, lọ́sàn-án, kí gbogbo ìlú gbọ́, kí òun náà jókòó kí òun gbọ́. Òun ni ìyá mi. Bí òfin náà bá jẹ́ òótọ́, òun ló máa mú. Bí iṣu tuntun bá sì jáde tí òun ṣì wà láyé, òun á mọ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú ikú ara mi."

Èmi tí mo ti fi katikísì ṣẹ̀sín káàkiri, èmi tí mo ti ń sọ bíi ti Fada pé àìmọ̀kan ni, ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Òun nìkan ni mo ní. Mo ní mi ò ní ṣe é, mo ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni, mi ò tilẹ̀ gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ó wo ojú mi, ó béèrè pé bí mi ò bá gbà á gbọ́, kí ló dé tí mo fi ń kọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní àlọ́ náà níbi tó jókòó sí, torí ìyá tirẹ̀ ti lọ, kò sí ohun tó lè ṣe é. N kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀ nínú gbogbo ìgbà tó ń pàlọ́.

Ahun ló ń gbé níbi tí oòrùn ti mú jù, ó sì jowú ibòji igi ìrókò tí gbogbo ẹranko ń jókòó sí. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n sùn, ó ká ibòji náà bí ẹní, ó gbé e lé ẹ̀yìn, ó ń sá lọ. Ìrókò jí, oòrùn ń pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin wá a kiri: *Ibòji mi dà?* Ọ̀nà á dáhùn: *Ó wà lẹ́yìn Ahun.* Ahun gbé e délé, ó wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ́ ibòji náà kó lè sùn lé e. Kò rí nǹkan kan. Ó fọwọ́ wá a, ó fẹsẹ̀ wá a. Inú bí i, ó ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, ìgbà tó sì jù ú síta, ó tẹ́ gbẹrẹgẹdẹ sínú oòrùn, gbogbo ẹranko wá jókòó sí i, àyè kò sì ṣẹ́ kù fún Ahun. Àlọ́ tí obìnrin kan pa fún ọmọ tí oòrùn mú nìyẹn.

Lọ́jọ́rú, mo fọwọ́ ara mi so wáyà mi. Katikísì, tí ìyá mi fúnra rẹ̀ ti bẹ̀ pé kó jẹ́ kí n kọjá, jókòó jìnnà, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń wo ìsìnkú àwọn tí kò mọ̀. Ìyá mi gbé àpótí rẹ̀ wá sábẹ́ ẹnu Fada gan-an. Ìró tó ti ní kí wọ́n fi sin òun ló ró. Ó ní bó bá ṣẹlẹ̀, kí àwọn tó máa múra fún òun lè rọ́wọ́ ṣe nǹkan mìíràn. Ìyá Àgbà ti gbọ́, ó sì wá, ó dúró létí ọgbà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá mi kò yíjú sí i.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́."

Mo pe "Ààlọ́ o". Ìyá mi nìkan ló dáhùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn ọmọ kan dáhùn láti ọ̀nà odò, mo sì mọ ohùn náà, lẹ́yìn rẹ̀ gbogbo oko dáhùn. Mo pa á. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dá orin náà, mo dúró kí n lè kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe máa gbè é, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí ní Akparé. Mo gbójú sókè, mo rí ètè Ìyá Àgbà tó ń mì létí ọgbà. Ó ti ń gbè é kí n tó kọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà náà mo rò pé ó ń gbàdúrà ni, mo sì bá tèmi lọ.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Oòrùn wọ̀, ìyá mi se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣu tuntun ṣì jìnnà, òjò sì dé, òjò náà sì mú ibà wá bó ṣe máa ń mú un wá lọ́dọọdún. Ibà náà dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Akparé wá bẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn obìnrin wọlé wá pẹ̀lú ojú ẹni tó ń díwọ̀n pósí, wọ́n wo ìyá mi, wọ́n wò mí, wọ́n mí kanlẹ̀. Katikísì wá béèrè bóyá ó fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi béèrè bóyá ó mú ọsàn lọ́wọ́. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn gba kíníìnì, mo fẹsẹ̀ rìn padà, mo fi aṣọ tútù nù ún, mo bẹ Ọlọ́run ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì bẹ ohun tí Ìyá Àgbà ń bọ, mo ní kí ẹni tó bá gbọ́ nínú wọn dákun. Mo ṣèlérí pé mi ò ní la ẹnu mọ́ láé. Èmi tí mo lọ sílé ìwé.

Ìyá Àgbà nìkan ni kò wá kí wa. Àwọn ènìyàn ṣàkíyèsí rẹ̀, wọ́n ní inú ló ń bí i.

Ibà náà lọ. Ìyá mi dìde, ó rù díẹ̀, ó bá mi jà pé mo jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ewé ilá òun. Mi ò tíì gbọ́ ìjà tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo dúró lẹ́yìn ilé, mo sunkún, mo wá bọ́jú, mo jáde láti wá gba ìyókù ìjà mi.

Lẹ́yìn èyí, iṣu jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló wa àkọ́kọ́, ó mú èyí tó tóbi jù, ó gbé e rù. Mo ní kí n bá a gbé e, ó kọ̀. A dé ilé Ìyá Àgbà lọ́sàn-án gangan. Obìnrin gíga yẹn jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀. Ó ti rù ju ẹni tí ibà ṣe lọ. Ìyá mi sọ iṣu náà kalẹ̀ síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣu tuntun dé. Mo wà láyé. Kì í ṣe èmi ni mo pa á."

Ìyá Àgbà mú agolo áṣáà rẹ̀, kò lè ṣí i. Ó gbé e sílẹ̀.

Ó ní, "Èmi ni mo gbe orin lọ́jọ́ náà. Ìwọ ń sunkún, o ò gbè é. Èmi ni mo gbè é." Ó fọwọ́ kan iṣu náà. "Ó ní láti jẹ́ ẹnì kan. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ jẹ́ èmi."

Mo rò pé ìyá mi máa bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i; èmi gan-an ti ń bínú fún un. Ó na ọwọ́ mú ọ̀bẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu náà. Ó bẹ ẹ́ dé ìdajì. Lẹ́yìn náà, láìgbójú sókè, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó kọ ọ́ jẹ́jẹ́: *Ibòji mi dà?*

Ìyá Àgbà wo mí, ó wo oòrùn, ó wo àbúrò rẹ̀.

Ó ní, *Ó wà lẹ́yìn Ahun.*

Mo lọ gbé omi ka iná fún iṣu náà.